Kíkọ́ gìtá fún àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́

Àgbàlagbà tó ra gìtá, tó wá gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kì í sábà jẹ́ ẹni tí kò lẹ́bùn. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ó gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé kíláàsì ọjọ́ Sátidé, ó sì jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́fà yòókù lọ bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan péré ni olùkọ́ ní. Ọjọ́ mẹ́fà yẹn ni gìtá ti ń mọ́ni lọ́wọ́. Láti orí gìtá tí ẹ ó rà títí dé orí ẹni tí ẹ ó máa sanwó fún, bí ọjọ́ mẹ́fà yẹn kò ṣe ní ṣòfò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, tó ní ọmọ nílé, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń jẹ àkókò rẹ̀ lójoojúmọ́ ni mo ń bá wí. Ẹni tó fẹ́ máa fi gìtá jẹun, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ta

“Mo kàn fẹ́ mọ gìtá ta” kò tó sọ fún olùkọ́. Bó bá gbọ́ ìyẹn, ojú ewé kìíní ìwé rẹ̀ ló máa ṣí, ẹ ó sì lo oṣù méjì lórí orin ọmọdé àwọn òyìnbó tí ẹ kò fìgbà kan kọ rí. Ẹ kọ orúkọ orin mẹ́ta sílẹ̀, èyí tí ẹ fẹ́ lè ta lójú ẹbí kí ọdún tó yí po, kí ẹ sì mú un lọ bá a.

Orin mẹ́ta yẹn ló máa sọ irú gìtá tí ẹ ó rà àti irú ẹni tí ẹ ó wá lọ. Ẹni tó fẹ́ máa fi gìtá gbe orin ìyìn níbi àdúrà nílò kọ́ọ̀dù díẹ̀, ìyẹn àwọn ohùn tí wọ́n ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti ọwọ́ tó ń lọ déédéé. Ó tún gbọ́dọ̀ lè wá ohùn orin kàn kíákíá, torí àwọn tó ń dá orin nílé àdúrà kì í bi ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó dá a. Ẹni tí etí rẹ̀ ń fà sí kílásíkà yóò ra gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù, yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nóòtì, ó sì lè bá a dé ìdánwò ABRSM tàbí Trinity, tó ní ìpele kìíní títí dé ìkẹjọ. Bí ẹ kò bá nífẹ̀ẹ́ ìdánwò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín sínú rẹ̀. Ẹ ti ṣe WAEC yín.

Ẹni tó fẹ́ jùjú ni inú mi máa ń dùn sí jù. Àwọn atukọ̀ òkun, pàápàá àwọn Kru láti Làìbéríà, ló gbé ìtagìtá ìdí ẹmu kiri etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan sì ni wọ́n fi ń ta á. Irú ìtagìtá yẹn wà lára ohun tí jùjú ti yọ jáde l'Ékòó láàárín ọdún 1920 sí 1940. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ jùjú ńláńlá ń to gìtá mẹ́ta mẹ́rin pọ̀, oníkálùkù pẹ̀lú gbólóhùn kúkúrú tirẹ̀ tó ń yí po, tí ti ẹnì kan ń há sáàárín ti ẹnì kejì. Ire ńlá lèyí jẹ́ fún àgbàlagbà tó ń kọ́ṣẹ́: ẹni tó bá lè di gbólóhùn kan mú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìyẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ gidi nínú orin náà, bí kò tilẹ̀ tíì mọ ju kọ́ọ̀dù mẹ́ta lọ.

Bí ẹ ó ṣe yẹ gìtá wò ní ṣọ́ọ̀bù

Gìtá oníná ló rọ ìka lọ́rùn jù, torí okùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì sún mọ́ ọrùn gìtá. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, áńpù sì ń béèrè iná. Fún ọ̀pọ̀ wa, gìtá onígi olókùn irin ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ ní kí wọ́n fi okùn tó fúyẹ́ sí i, èyí tí wọ́n kọ 010 tàbí 011 sára páálí rẹ̀. 012 tó máa ń bá ọ̀pọ̀ gìtá dé le fún ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fi okùn irin sórí gìtá tí wọ́n ṣe fún náílọ́ọ̀nù láéláé. Agbára tí irin fi ń fa ara gìtá ju èyí tí wọ́n kọ́ ọ fún lọ, ó sì lè fa igi tó di ìdí okùn mú tu.

Káàdì ATM márùn-ún ti tó fún àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ ka àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá, tí wọ́n ń pè ní fret, láti ọ̀dọ̀ orí títí dé ìkejìlá. Àmì róbótó méjì sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ to káàdì léra wọn sórí fret yẹn, lábẹ́ okùn tó nípọn jù. Káàdì kan kò nípọn tó mìlímítà kan. Mẹ́ta jẹ́ nǹkan bíi 2.3. Bí mẹ́ta bá wọlé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan okùn, ó dáa. Bí márùn-ún bá wọlé fàlàlà, okùn ti ga jù. Ìka yín ló máa jìyà rẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ta okùn kọ̀ọ̀kan lófìfo, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní fret kejìlá yìí, kí ẹ tún ta á. Ohùn kan náà ló yẹ kó jáde, èkejì kàn ga jù ú lọ ni. Bí ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn bá fi hàn pé èkejì ti yẹ̀ gan-an, gìtá náà yóò máa dún bí ẹni tó ń ṣàìsàn bó ti wù kí ẹ ṣètò okùn rẹ̀ tó. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ mú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ gbìyànjú láti kì í bọ abẹ́ igi ìdí okùn. Bí bébà bá ń wọlé, igi yẹn ti ń ṣí kúrò lára gìtá. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ta á.

Bí gìtá bá délé, ẹ má fi í sínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án. Oòrùn á rọ gúlúù inú rẹ̀. L'Ékòó, òógùn ọwọ́ àti afẹ́fẹ́ òkun máa ń dóró sí okùn irin, nítorí náà ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́yìn tí ẹ bá ta á tán. Nígbà ọyẹ́, igi á gbẹ, á sún kì. Ẹ lè rí i kí ẹnu fret bẹ̀rẹ̀ sí í ha yín lọ́wọ́. Ẹ fi kànrìnkàn tútù tí ẹ ti fún dáadáa sínú ike ọṣẹ tó ní ihò, kí ẹ gbé e sínú àpótí pẹ̀lú gìtá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ amúlégbóná máa ń ṣe gìtá yín bákan náà nígbà òtútù. Ní gbogbo ìgbà tí kì í bá ṣe ọyẹ́, mo fara mọ́ ọn pé kí gìtá wà lórí ìdúró rẹ̀ ní pálọ̀, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Gìtá tó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnikẹ́ni kì í ta á.

Ẹ ra tuner, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ohùn, irú èyí tó ń gán orí gìtá, dípò kí ẹ gbára lé fóònù nìkan. Ti fóònù ń fi etí gbọ́. Bí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bá ń dún, kò ní mọ èwo ni gìtá. Èyí tó ń gán orí gìtá ń mọ ìgbọ̀nrìrì igi ni, ariwo kò dí i lọ́wọ́. Láti orí okùn tó nípọn sí tín-ín-rín: E, A, D, G, B, E. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ ṣètò rẹ̀, kí ẹ tó ta ohunkóhun.

Ẹni tí ẹ ó máa sanwó fún

Ẹ lè rí olùkọ́ láàárín àwọn onígìtá ìjọ yín, ẹ lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin bíi ti MUSON ní Oníkan, ẹ sì lè pe ẹni tí yóò máa wá sílé. Mímọ̀ ọ́n ta kò sọ pé èèyàn mọ̀ ọ́n kọ́ ẹlòmíì. Ẹ ní kó kọ́ yín lẹ́ẹ̀kan péré kí ẹ tó dúnàádúrà ti oṣù, kí ẹ sì máa wò ó. Ṣé ó bi yín léèrè orin tí ẹ fẹ́? Láàárín wákàtí yẹn, gìtá ta ló dún jù, tirẹ̀ àbí tiyín? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kíláàsì ni wọ́n fi ń ṣe eré fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó ń lọ, ṣé iṣẹ́ kan pàtó ló fún yín ṣe, àbí ó kàn ní “ẹ máa pràktíìsì”? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni èmi fi ń mọ olùkọ́. Ẹni tó sọ pé “kí ẹ máa lọ láti kọ́ọ̀dù D sí A láìdúró, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lọ́jọ́rú” ti mọ ohun tó ń ṣe.

Ìṣòro kan wà tí ìwé gìtá àwọn òyìnbó kì í mẹ́nu bà. Tíṣà lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, kí ẹ̀yin sì jẹ́ ẹni àádọ́ta. Yóò máa pè yín ní dádì tàbí mọ́mì, yóò sì máa sọ pé “Ẹ ń gbìyànjú, sà” nígbà tí ọwọ́ yín ti sáré kọjá ìlù láti ìbẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ̀kọ́ ilé tó gbà ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó yín ló ń lọ. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní gan-an: “Tíṣà, nínú kíláàsì yìí, ìwọ lọ̀gá mi. Ibi tí mo bá ti ṣì í, dá mi dúró níbẹ̀.” Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbà yín gbọ́. Ẹ máa pè é ní tíṣà lójú àwọn ọmọ yín pẹ̀lú. Ó ń ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó: onígìtá ìjọ ti gbọ́ “Ọlọ́run á san án fún yín” tó. Ẹ san tiyín, kí ẹ san án ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ẹ sì jọ sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé bí ẹ bá pa kíláàsì jẹ láìsọ tẹ́lẹ̀, owó ọjọ́ náà ti lọ. Bí òun bá pa á jẹ, ó jẹ yín ní kíláàsì kan. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó wà ní Houston tó fẹ́ kọ́ jùjú lọ́wọ́ ẹni tó wà n'Íbàdàn lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ẹ kò lè jọ ta á lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà á ta, ẹ ó gbọ́. Ẹ ó ta, òun náà á gbọ́. Bó bá jẹ́ Zoom, ẹ wá “Original Sound” nínú ètò ohùn, kí ẹ tan án, torí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Zoom lè ka gìtá yín sí ariwo, kó máa gé e. Fídíò ọ̀fẹ́ náà wà, èyí tó wà lórí ìkànnì JustinGuitar sì tò létòlétò fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ni pé fídíò kò rí ọwọ́ yín.

Oṣù kìíní: ọwọ́ ọ̀tún ṣáájú ọwọ́ òsì

Kọ́ọ̀dù ni gbogbo ènìyàn máa ń sáré kọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ kọ́ọ̀dù méjì tí ọwọ́ rẹ̀ bá ìlù mu sàn ju ẹni tó mọ ogún lọ tí kò bá a mu. Ẹ fi ọwọ́ òsì bo gbogbo okùn jẹ́jẹ́ kí wọ́n má lè dún, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máa gbá wọn sísàlẹ̀-sókè, kí ẹsẹ̀ máa lu ilẹ̀. Ẹ fi metronome orí fóònù, ẹ̀rọ tó ń lu ìlù déédéé, sí 60 ní ìṣẹ́jú kan. Apá kò gbọ́dọ̀ dúró. Bí ẹ bá fẹ́ fo okùn kan, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kọjá lófuurufú, kó máa lọ sókè sódò bó ti ń lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lójoojúmọ́ ti tó fún èyí.

Kọ́ọ̀dù tó yẹ kó kọ́kọ́ wọlé ni D àti A, lẹ́yìn náà G. Ẹ rántí dò, rè, mì tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Bí D bá jẹ́ dò, G ni fà, A ni sò. Àwọn olórin ìjọ ń pè wọ́n ní 1, 4, 5. Orin tí èèyàn lè fi mẹ́ta yìí gbè pọ̀ ju ohun tí ẹ ó rí àkókò kọ lọ.

Ẹ wò ó bí ìka ṣe ń rìn. Ká ka okùn láti èyí tó tín-ín-rín jù gẹ́gẹ́ bí ìkíní. Fún D, ìfábẹ̀lá wà ní okùn kẹta, fret kejì. Ìka àárín ní okùn kìíní, fret kejì. Ìka òrùka ní okùn kejì, fret kẹta. Láti okùn kẹrin ni kí ẹ ti gbá a. Fún A, gbogbo ìka wà ní fret kejì: ìka àárín ní okùn kẹrin, ìfábẹ̀lá ní ìkẹta, ìka òrùka ní ìkejì, kí ẹ gbá a láti okùn karùn-ún. Ẹ rí i pé ìfábẹ̀lá kò kúrò níbi tó wà. Ìka òrùka kàn fà sẹ́yìn lórí okùn kan náà láìgbé ara sókè, ìka àárín nìkan ló fò. Ẹni tó bá gbé gbogbo ìka sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá ń wá ibi tí yóò kó wọn sí, ló máa ń dúró láàárín orin.

Ẹ tẹ okùn lẹ́bàá fret gan-an, lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní àárín méjì. Agbára tí ẹ ó lò á dín kù. Ẹ gé èékánná ọwọ́ òsì, pàápàá ẹ̀yin ìyá wa tó ń lẹ èékánná. Fún G, ẹ fi ìka àárín sí okùn kẹfà, fret kẹta, ìfábẹ̀lá sí ìkarùn-ún, fret kejì, ìka òrùka sí ìkíní, fret kẹta. F tí wọ́n ń fi ìka kan tẹ gbogbo okùn, ẹ fi í sílẹ̀ ní báyìí. Ó ti lé ènìyàn púpọ̀ sá nídìí gìtá láìnídìí.

Orí ìka á ro yín fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kó tó le. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́ ló ń dùn yín, tàbí tí ìka ń kú tipiri, ẹ gbé gìtá sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí tíṣà wo bí ẹ ṣe ń jókòó. Ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ èyí gan-an. Bí kò bá lọ, ẹ lọ rí dókítà.

Ọjọ́ mẹ́fà tó wà láàárín kíláàsì méjì

Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: kí ilé tó jí, tàbí kété tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ọwọ́ ọ̀tún. Nǹkan bíi méje fún ibi tó le jù nínú iṣẹ́ tí tíṣà fún yín, ibi yẹn nìkan, ó lè jẹ́ D sí A lásán: ẹ ka iye ìgbà tí ẹ lè pààrọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Bó bá ti dé ọgbọ̀n, ó ti tó wọ orin. Ìṣẹ́jú tó kù, ẹ ta orin, kí ẹ gbádùn rẹ̀, ẹ má dúró bí ẹ bá ṣì í.

Bí ẹ bá ń gbé ní ilé oníyàrá kan-ò-jù-kan tí ògiri tín-ín-rín, ẹ ká aṣọ ìnujú bọ abẹ́ okùn lẹ́bàá ìdí rẹ̀. Ìró á rẹlẹ̀, ọwọ́ á ṣì máa ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì. Òkùnkùn ló ń kọ́ ọwọ́ òsì láti má gbára lé ojú.

Ní ọjọ́rú, ẹ fi ohùn fóònù gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí tíṣà lórí WhatsApp. Ẹ bá a sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èyí wà lára owó tí ẹ ń san. Ìdáhùn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, “ọwọ́ ń sáré lẹ́yìn G, ẹ fà á sẹ́yìn”, ló máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta tó kù là. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọ́ àṣìṣe dáadáa. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ níhìn-ín, bí ẹ bá máa mú ọ̀kan ṣoṣo, ẹ mú èyí.

Láti oṣù kẹta lọ

Ẹ ra kápò, irin kékeré tó ń di ọrùn gìtá mú kí gbogbo ohùn lè gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Fret kọ̀ọ̀kan ń gbé ohùn sókè ní ààbọ̀ ohùn kan. Bí akọrin bá wà lórí F, ìyẹn ni pé F ni dò rẹ̀, ẹ fi kápò sí fret kẹta, kí ẹ máa tẹ D, G àti A yín bí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bó bá wà lórí F-sharp tí àwọn oníkíbọ́ọ̀dù ìjọ fẹ́ràn, ẹ gbé e lọ sí fret kẹrin. Àwọn kan máa ń fi kápò ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn tó ń lò ó. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Àsìkò yìí náà ni kí ẹ gbìyànjú ìtagìtá oníka méjì. Ẹ di D mú. Àtàǹpàkò ta okùn kẹrin, ìfábẹ̀lá ta ìkejì, àtàǹpàkò ta ìkẹta, ìfábẹ̀lá ta ìkíní. Ẹ yí i po títí tí ẹ fi lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kan náà láìjẹ́ pé ó dàrú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ní kí ọmọ yín kan máa lu agogo, tàbí kó fi ṣíbí lu ìgò, kí ẹ lọ sí A kí ẹ sì padà láìjẹ́ kó sá mọ́ yín lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá ẹlòmíì ta á ni ẹ ó mọ̀ bí ọwọ́ ọ̀tún yín ṣe rí gan-an, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju oṣù kẹta lọ.

Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ẹ ń ṣe ogún ìṣẹ́jú yín déédéé, tí kò sì tíì sí orin kan tí ẹ lè ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ bá tíṣà sọ̀rọ̀ tààrà. Bí oṣù tó tẹ̀ lé e kò bá yàtọ̀, ẹ wá ẹlòmíì, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ti tẹ́lẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé orin mẹ́ta tí ẹ kọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ti wọ ọwọ́, ẹ lè sọ kíláàsì di ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, kí ẹ kọ orin mẹ́ta mìíràn sílẹ̀, kí ẹ sì fi lára owó tó ṣẹ́kù ra okùn tuntun. Èyí tó wà lórí gìtá yín á ti dógùn-ún nígbà yẹn.